Jíìpù Tí Kì í Dákú

Ó pé ọdún mọ́kànlá tí jíìpù Àìyẹ̀ ti ń rìn lójú ọ̀nà, kò sì tíì sí ẹyọ kan ṣoṣo tó dákú. Ohun tí wọ́n kọ sára ògiri gbọ̀ngàn ìtajà Ọ̀nà-Ire nìyẹn, pẹ̀lú lẹ́tà tó ga ju ènìyàn lọ. Fadérera dúró níwájú ògiri náà, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó wá ṣí ìwé kékeré tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Oṣù mẹ́ta ló ti ń kọ nǹkan sínú ìwé yẹn. Kò sí ẹni tó ní jíìpù olówó ńlá ní Èfọ̀n tí kò lọ bá nílé, kó béèrè ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Lábẹ́ orúkọ jíìpù Ọ̀kín, ó kọ ọ́ pé ilẹ̀kùn kọ̀ láti ṣí lẹ́ẹ̀mejì, ọpọlọ ọkọ̀ sì gbàgbé ọ̀nà ilé. Lábẹ́ jíìpù Agbára, ó kọ ọ́ pé ara rẹ̀ le bí òkúta, àmọ́ ẹ̀rọ amúkọ̀tutù rẹ̀ a máa sinmi nígbà tó bá wù ú. Lábẹ́ Àìyẹ̀, kò kọ nǹkan kan. Kò rí ẹni tó rí àlébù rẹ̀ sọ.

Láyé ìgbà tí à ń wí yìí, ẹni tó ń ra ọkọ̀, ẹ̀mí ló ń rà. Oòrùn ti le débi pé bí aago mẹ́wàá àárọ̀ bá ti lù, ẹni tó bá dúró síta gbangba fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, òkú ni. Abẹ́ òrùlé ńlá tó bo ìlú láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun ni àwọn ènìyàn ń gbé. Ohun tó so ìlú kan mọ́ èkejì ni Títì Ajoòrùn, ọ̀nà dúdú tó ń jẹ oòrùn, tó ń sọ ọ́ di agbára, tó sì ń pín in fún gbogbo ọkọ̀ tó bá wà lórí rẹ̀, ìpín kan fún ọkọ̀ kan. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, agbára títì di ti àwọn ilé, kí omi lè gòkè, kí yàrá lè tutù. Òfin ò gba ọkọ̀ láyè mọ́. Ojú oòrùn nìkan ni wọ́n lè rìn, àárín ikú ni wọ́n sì ń gbà kọjá. Ọkọ̀ tó bá dákú lọ́nà, amúkọ̀tutù rẹ̀ dákú pẹ̀lú rẹ̀ nìyẹn.

Fadérera kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ níyẹn. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, ó máa ń gbé ìyá rẹ̀ lọ sí Iléṣà, sí ilé ìtọ́jú èémí tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀dọ̀fóró fún màmá náà. Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, ọkọ̀ kékeré tó ń wà nígbà náà ṣàdédé dákú lórí òkè. Ìṣẹ́jú méje péré ni. Ó fi ìdérí ìkòkò fẹ́ ìyá rẹ̀ títí ọkọ̀ fi jí fúnra rẹ̀. Ọjọ́ méjì ni màmá náà kò fi lè sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà ni Fadérera ti búra pé ọkọ̀ tí òun yóò tún rà, kò ní í dá òun dúró láéláé.

“Níbo ni bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹ̀ wà?”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Ògúnṣakin ló béèrè. Bàbá náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún, mẹkáníìkì ni láti kékeré, gíríìsì sì ti wọ ìlà ọwọ́ rẹ̀ débi tí ọṣẹ kò ràn án mọ́. Ó ti yí jíìpù náà po lẹ́ẹ̀mẹ́ta bí ẹni tó ń wá ojú egbò.

Ẹnjiníà Oyèníran rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ara rẹ̀ mọ́, ohùn rẹ̀ tutù. Ó wà lára àwọn tó ṣe ọpọlọ Àìyẹ̀. “Kò ní bọ́nẹ́ẹ̀tì, sà. Láti ilé-iṣẹ́ la ti dì í pa. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ ṣí níbẹ̀.”

“Bó bá wá bàjẹ́ ńkọ́?”

“Kì í bàjẹ́, sà.”

“Ọmọ mi, ohun tí kì í bàjẹ́ kò sí. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń tú ọkọ̀. Èyí tó bá bàjẹ́ ní gbangba, mo mọ ibi tí n ó ti mú un. Èyí tí mi ò mọ ibi tó ń bàjẹ́ sí lẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí.”

“Bàbá, ìyẹn ayé sípánà. Ẹ fi ìṣirò wò ó. Ọkọ̀ ẹgbẹ̀rún méjì, ọdún mọ́kànlá, ìdákú kan ò wáyé. Kí lẹ tún ń wá?”

“Mò ń wá ibi tí wọ́n kó ìyà rẹ̀ sí.”

“Bọ̀ọ̀dá mi, ó tó,” Fadérera sọ. Ojú ń tì í. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó jókòó. Àga náà gbà á mọ́ra bí ẹni pé wọ́n ti wọn ìdí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tutù bí etí odò, omi mímu sì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kó tó béèrè. Ó yíjú wo ẹ̀yìn, níbi tí àga kan ti lè tẹ́ bí ibùsùn, ó rí ìyá rẹ̀ lórí rẹ̀ lọ́kàn ara rẹ̀, ó ń sùn, ó ń mí dáadáa. Kò mọ ìgbà tó sọ fún akọ̀wé pé kó fi orúkọ òun ṣáájú nínú àwọn tí yóò gba Àìyẹ̀ tó ń bọ̀.

Ògúnṣakin kò bá a jà. Ohun kan ló bẹ̀ ẹ́ fún. “Kó o tó gbà á, jẹ́ ká fi ọ̀sán gangan gun Òkè Agbónmú pẹ̀lú ẹ̀. Èmi á máa fi píkọ́ọ̀pù mi tẹ̀ lé yín. Bó bá dákú, n ó fà yín.”

Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín sí ìyẹn náà, ṣùgbọ́n ó gbà.

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n gbé èyí tó wà ní gbọ̀ngàn lọ. Òkè Agbónmú ga débi pé ọkọ̀ tó bá ń gùn ún, ojú ọ̀run ló ń wò. Láti ìsàlẹ̀ rẹ̀ dé òkè, ojú kan náà ni títì ti ń pín agbára fún gbogbo ọkọ̀ tó wà níbẹ̀. Fadérera ló di ìdarí mú, Ẹnjiníà Oyèníran jókòó lápá ọ̀tún rẹ̀. Nínú dígí ẹ̀yìn, ó ń rí píkọ́ọ̀pù pupa ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, bọ́ọ̀sì Jímọ̀ dírẹ́bà ló ń bọ̀, tó kó èrò lọ sí Iléṣà.

Nígbà tí wọ́n dé ìdajì òkè, jíìpù náà kùn díẹ̀, eré rẹ̀ fẹ́ dínkù. Ní igun ojú dígí iwájú, nọ́ńbà kékeré kan wà níbẹ̀ tí Fadérera kò kọbi ara sí tẹ́lẹ̀: Ìpín 1. Ó rí i tó yí di Ìpín 2. Lójú ẹsẹ̀, jíìpù gbéra bí ẹni tí wọ́n fi ọwọ́ tì lẹ́yìn. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé òkè wà. Inú Fadérera dùn, ó sì gbójú sókè sí dígí ẹ̀yìn kó lè wo bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ń bọ̀.

Píkọ́ọ̀pù ti dúró.

“Bọ̀ọ̀dá mi ti dúró.”

“Ọkọ̀ àtijọ́ ni, mà. Òkè yìí ti ju agbára ẹ̀ lọ.”

“Ogún ọdún ló ti ń gun òkè yìí. Kò dúró rí.”

Nọ́ńbà náà tún yí. Ìpín 3. Jíìpù ń sáré lọ sókè. Nínú dígí, bọ́ọ̀sì Jímọ̀ dúró gbagidi lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù, ọwọ́ ẹnì kan sì ń lu fèrèsé rẹ̀ láti inú.

Fadérera nàka sí igun dígí. “Kí ni Ìpín mẹ́ta?”

Oyèníran na ọwọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo nọ́ńbà náà bí ìgbà tí ènìyàn ń dé ìkòkò. “Nǹkan tiwa ni, mà. Ti ẹnjiníà.”

Fadérera tẹ bíréèkì. Ohùn ọpọlọ ọkọ̀ náà bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n má dúró lórí òkè. Ó yí jíìpù padà, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ píkọ́ọ̀pù. Ògúnṣakin ti gbé orí lé ìdarí, ẹnu rẹ̀ là bí ẹnu ẹja tí wọ́n ju sórí ilẹ̀. Aṣọ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Fadérera wo igun dígí. Mẹ́ta ṣì ni.

“A ò gun òkè mọ́. Kí ló tún ń jẹ ìpín wọn fún?”

“Ó náwó agbára púpọ̀ lórí òkè. Ikùn ara ẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń kún. Bó bá ti yó, á dá tiwọn padà.”

“Ìgbà wo ni yóò yó?”

Ẹnjiníà tún na ọwọ́ sí igun dígí kó lè bo nọ́ńbà náà.

“Oyèníran, mo ní ìgbà wo?”

“Bí ogún ìṣẹ́jú.”

“Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ènìyàn fi ń kú nínú ọkọ̀ tó dákú! Pa á.”

“Ẹ jẹ́ ká gbé bàbá wọ ibí. Àyè wà. Àwa á gbé wọn lọ sí Iléṣà kíákíá.”

“Àwọn tó wà nínú bọ́ọ̀sì ńkọ́?”

Ó wo bọ́ọ̀sì náà, ó gbé ojú kúrò níbẹ̀. “A ò lè gba gbogbo wọn, mà.”

“Pa á, mo ní.”

“Bí mo bá pa á lójú ọ̀nà, ọpọlọ ẹ̀ á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó dákú. Ọdún mọ́kànlá, mà! Ẹgbẹ̀rún ènìyàn ń jẹun lórí ohun tó wà lára ògiri yẹn. Mi ò lè jẹ́ ẹni tó máa…”

Fadérera wá bọ́tìnnì ìpaná káàkiri. Kò sí. Ibì kan wà láàárín àga méjèèjì tí wọ́n ya àtàǹpàkò sí. Ó tẹ tirẹ̀ mọ́ ọn. Jíìpù kò mira. Àtàǹpàkò ẹnjiníà nìkan ló mọ̀. Ó wo ọkùnrin náà. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé bí òun bá ń pariwo títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ọkùnrin tó jókòó sínú òtútù kì í gbọ́ ohùn ẹni tó wà nínú ooru.

Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó jáde.

Ooru náà lù ú lójú bí ìgbà tí wọ́n ṣí ààrò. Kò wọ ẹ̀wù àbò, kò wé gèlè. Ó rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn píkọ́ọ̀pù, ó fà á, ilẹ̀kùn há. Ó lu dígí. “Bọ̀ọ̀dá mi! Bọ̀ọ̀dá mi!” Ojú Ògúnṣakin ṣí díẹ̀, ó tún padé. Láti inú bọ́ọ̀sì, Jímọ̀ ń fi ìgbànú lu fèrèsé, àwọn èrò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò lu nǹkan kan mọ́.

Fadérera padà síwájú jíìpù, ó dúró síbi tí Oyèníran ti lè rí ojú rẹ̀ dáadáa.

“Wò mí!” Ohùn rẹ̀ ti ń gbẹ. “Ẹni tí o fẹ́ ta ọkọ̀ fún ni mí. Wo bí n ó ṣe kú!”

Bàtà rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ títì. Ó ka ọgọ́ta, ó tún ka ọgọ́ta mìíràn. Ìka Oyèníran wà lórí àga, kò gbé e. Orúnkún Fadérera yẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gún ilẹ̀, awọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì jó. Ojú rẹ̀ ń ṣókùnkùn nígbà tó gbọ́ tí jíìpù náà mí kanlẹ̀, tó sì dákẹ́.

Ilẹ̀kùn ṣí. Oyèníran sáré jáde, ó ń sunkún bí ọmọdé, ó gbé e lọ́wọ́ méjèèjì. Lẹ́yìn wọn, amúkọ̀tutù píkọ́ọ̀pù wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Iná bọ́ọ̀sì tàn, Jímọ̀ ṣí ilẹ̀kùn, Oyèníran sì gbé e wọ inú rẹ̀. Nínú ọkọ̀ mẹ́ta tó wà lórí òkè, méjì jí, Àìyẹ̀ nìkan ló kú.

Èrò mọ́kànlélógún ló wà nínú bọ́ọ̀sì Jímọ̀. Ogún nínú wọn ló sọ̀ kalẹ̀ ní Iléṣà. Tíṣà Fọlárìn, bàbá tó kọ́ ìdajì àwọn ọmọ Èfọ̀n níwèé, kò sọ̀ kalẹ̀. Ó jókòó lẹ́bàá fèrèsé bí ẹni tó ń wo ìta.

Ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn náà, Ìgbìmọ̀ Àgbà Ojú-Ọ̀nà jókòó. Yèyé Ọ̀ṣúngbèmí ló ṣe olórí wọn, obìnrin ẹni ọgọ́rin ọdún ó lé, ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ wakọ̀ lórí Títì Ajoòrùn. Fadérera jókòó níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì wé. Ògúnṣakin jókòó tì í. Ó ti ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń gbọ̀n láìdáwọ́ dúró, àwọn dókítà sì ti sọ fún un pé kò ní í di sípánà mú mọ́.

“Ta ló pàṣẹ fún ọkọ̀ yín kó máa jẹ ìpín onípìn-ín?” Yèyé béèrè.

Oyèníran dìde. Ó ti rù. “Kò sí òfin tó kọ̀ ọ́, Yèyé. Títì ń pín, ọkọ̀ wa ń béèrè sí i. Àwọn ọkọ̀ yòókù kò gbọ́n tó láti sọ pé rárá.”

“Ẹ kọ ọ́ sára ògiri pé kì í dákú.”

“Òótọ́ ni, mà. Kì í dákú. A ò fìgbà kan sọ pé ẹlòmíràn ò ní í dákú.”

Ariwo sọ nínú ilé. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ju fìlà mọ́lẹ̀. Yèyé gbé ọwọ́ sókè títí wọ́n fi dákẹ́, ó ní kí wọ́n gbé ìwé ojú-ọ̀nà wá. Láàárín ọdún mọ́kànlá, irínwó ọkọ̀ ó lé mẹ́tàdínlógún ló dákú lórí Òkè Agbónmú. Wọ́n bá àwọn dírẹ́bà wí. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù àwọn mẹkáníìkì pa, wọ́n ní iṣẹ́ wọn ò dára. Ní gbogbo ìgbà tí ọ̀kan dákú, Àìyẹ̀ kan ń kọjá lọ. Fadérera wá ọjọ́ tirẹ̀ nínú ìwé náà, Ọjọ́bọ̀ ìṣẹ́jú méje yẹn. Ó rí i. Wọ́n kọ Àìyẹ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

“Ẹ̀yin onímọ̀,” Yèyé sọ, “ẹ kò ṣe ọkọ̀ tí kì í bàjẹ́. Ẹ wá ẹni tí yóò máa bàjẹ́ dípò ẹ̀ ni.”

Oyèníran tẹ orí ba. “Bí èmi ò bá ṣe é, mà, ẹlòmíràn ì bá ṣe é.”

Ọdún kan gbáko ni yóò gbà kí òfin títì tó yí padà, nítorí ìlú mẹ́rìndínlógún ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Àwọn àgbà ronú títí. Wọ́n wá pàṣẹ pé kí Ọ̀nà-Ire kọ òtítọ́ náà sára ògiri wọn, kí lẹ́tà rẹ̀ ga bíi ti àkọ́kọ́: JÍÌPÙ YÌÍ Ń GBA ÌPÍN ỌKỌ̀ TÓ BÁ WÀ NÍTÒSÍ RẸ̀.

“Ojú yóò tì wọ́n,” Yèyé Ọ̀ṣúngbèmí sọ. “Ta ni yóò rí i kà tí yóò tún rà á?”

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n kọ ọ́. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Fadérera gbé ìyá rẹ̀ jókòó sínú píkọ́ọ̀pù, Ògúnṣakin jókòó sẹ́yìn, òun fúnra rẹ̀ di ìdarí mú. Ọ̀nà àbájáde ìlú gba iwájú gbọ̀ngàn Ọ̀nà-Ire kọjá. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, wọn kò rí ọ̀nà lọ. Àwọn ènìyàn ti tò láti ẹnu ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn dé ẹ̀yìn ọjà, tọkùnrin tobìnrin, ìwé lọ́wọ́ wọn. Orí wọn lọ́hùn-ún ni lẹ́tà tuntun náà wà, gbàǹgbà-gbangba, ọ̀dà rẹ̀ ṣì ń dán.

Fadérera sọ̀ kalẹ̀. Ó rí aládùúgbò rẹ̀ kan lórí ìlà náà. Ó rí ọmọ Tíṣà Fọlárìn. Ó rí Jímọ̀ dírẹ́bà, tó ti ta bọ́ọ̀sì rẹ̀ lánàá.

“Jímọ̀! Ìwọ náà?”

Ọkùnrin náà kò lè wo ojú rẹ̀. “Ẹ má bínú, mà. Mo níyàwó, mo bímọ. Mi ò fẹ́ kí wọ́n jẹ ìpín mi mọ́.”

“Ìpín ta ni tìẹ wá máa jẹ?”

Jímọ̀ ń yí ìwé ọwọ́ rẹ̀ po. Ìlà sún síwájú, ó sún pẹ̀lú rẹ̀.

Akọ̀wé kan jáde sí ẹnu ilẹ̀kùn, ó ké orúkọ àkọ́kọ́. “Ìyáàfin Fadérera!” Gbogbo ojú yí sí i. Àwọn tó mọ̀ ọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yà fún un kó lè kọjá. “Ìyáàfin Fadérera! Jíìpù yín ti dé!” Láti inú píkọ́ọ̀pù, ó gbọ́ tí ìyá rẹ̀ ń wúkọ́, ikọ́ gbígbẹ tó ń fa gbogbo egungun àyà jọ. Ó dúró. Ó ro àga tó ń tẹ́ bí ibùsùn. Ó rò ó pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, òun fúnra rẹ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

“Ìyáàfin Fadérera, ẹ̀ẹ̀kẹta rèé o!”

Ó padà sínú ọkọ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn wọn, akọ̀wé pe orúkọ kejì, ẹnì kan sì fi ayọ̀ dáhùn.

“Màámi, ẹ jókòó dáadáa,” Fadérera sọ. “A ó sáré díẹ̀. Mo fẹ́ ká ti gun òkè kọjá kí wọ́n tó jáde.”

Ìyá rẹ̀ yíjú wo ẹ̀yìn, kò rí ohun tó ń bani lẹ́rù. “Àwọn wo là ń sá fún?”

Fadérera yí ìdarí, ó bọ́ sójú títì.

“Àwọn ará àdúgbò wa ni, Màámi.”